Agolo Káróòtì Tí O Fi Sílẹ̀

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí yín kú iṣẹ́. Ṣé ara yín le? Ara tiwa náà le, àfi orúnkún mi tó máa ń ṣàròyé bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, mo sì ti mọ ìyẹn mọ́ra. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, tí ọkọ rẹ á máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo fẹ́ jókòó dúpẹ́ dáadáa.

O rántí ọjọ́ ìgbéyàwó yín. Bàbá ọkọ rẹ, aránbàtà tí gbogbo àdúgbò ń gbé bàtà wá bá, sílípáàsì rọ́bà ni wọ́n wọ̀ wá. Bàtà dúdú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán sílẹ̀ fún ọjọ́ náà kò gba ẹsẹ̀ wọn, torí ẹsẹ̀ ti wú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga. Èmi mọ bó ṣe dùn wọ́n tó.

Dókítà ti sọ pé ọkàn wọn kò lágbára mọ́. Oògùn ń fa omi ara jáde, iyọ̀ ń dá a padà. Ó ní bí wọn kò bá jáwọ́ nínú iyọ̀, omi náà á dé àyà. Mo wá ń se oúnjẹ láìfi iyọ̀ sí i, mo sì ń bá wọn jẹ ẹ́ bó ṣe tẹ́ lẹ́nu tó. Síbẹ̀ wíwú ẹsẹ̀ wọn kò lọ sílẹ̀.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Tísà kan wá gba bàtà tó gbé wá fún àtúnṣe. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, nǹkan sì rún wómúwómú nínú rẹ̀. Ọ̀rá ṣípìsì ni! Inú bàtà oníbàtà ni bàbá ń kó ànàmọ́ díndín oníyọ̀ pamọ́ sí, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ti ń rán bàtà lọ. Tísà ń rẹ́rìn-ín, èmi ń pariwo. Mo sọ̀rọ̀ débi tí àwọn oníbàárà fi ń bẹ̀ mí. Ìbínú kọ́ o, ẹ̀rù ni. N kò fẹ́ di opó.

Ìgbà yẹn lo wá kí wa. Mo ro ẹjọ́ fún ọ kí o lè bá mi bá wọn wí, ṣùgbọ́n o kàn jókòó tì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, o ní kí ló dùn nínú ṣípìsì náà gan-an. Wọ́n rò ó títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kì í ṣe iyọ̀. Bí mo bá ń rán bàtà, ẹnu mi máa ń fẹ́ nǹkan tó ń rún wómúwómú." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ bàbá yìí, n kò bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn rí.

O wọ kíṣìnnì mi, o rẹ́ káróòtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, o fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, o wọ́n ata díẹ̀, o tẹ́ ẹ sínú ààrò gáàsì. Kò sí iyọ̀ rárá. Nígbà tí o kọ́kọ́ gbé e jáde, ó rọ̀ jọ̀bọ̀. Bàbá ní awọ tí àwọn fi ń tẹ́ inú bàtà sàn jù ú lọ. Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo ní ọmọ ayé òde òní dé. Ìwọ kò bínú, o dá a padà sínú ààrò títí ó fi gbẹ. Bàbá fi ọ̀kan sẹ́nu, ó rún wómúwómú. Wọ́n tún mú òmíràn. Wọ́n ní, "Kò dà bíi ṣípìsì o. Ṣùgbọ́n ó ń bá mi sọ̀rọ̀."

Agolo tí o kó o sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránbàtà báyìí, ní gbangba. Èmi ni mo ń ṣe é, mo sì ti mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ, má bínú. Tísà yẹn ti ń wá jẹ nínú rẹ̀ láìní bàtà tó já.

Wàyí o, ìròyìn tó mú mi kọ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà tẹ ẹsẹ̀ bàbá, ìka rẹ̀ kò rì mọ́. Ó ní oògùn ti wá ń ráyè ṣiṣẹ́. Nígbà tí a délé, bàbá wọ yàrá, mo rò pé wọ́n fẹ́ sinmi ni. Wọ́n jáde pẹ̀lú bàtà dúdú yẹn lẹ́sẹ̀, okùn rẹ̀ ní síso. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní ká lọ. A rìn dé ìparí òpópónà wa, a sì padà, wọ́n ń kí ẹni tó wo ẹsẹ̀ wọn àti ẹni tí kò wò ó. Mo sunkún lójú títì, n kò sì tijú.

Ìyàwó mi, bí o ti bá mi tọ́jú ọkọ mi, Ọlọ́run á bá ọ tọ́jú tìrẹ. Ẹ ó jọ gbó, ẹ ó jọ tọ́. Ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé ibi ayọ̀ àwọn ọmọ yín.

Èmi ni ìyá ọkọ rẹ, tó ti di ìyá rẹ.

Mo tún rántí: Bàbá ní kí o gbé ẹsẹ̀ lé bébà, kí o fi pẹ́ńsù fà á yíká, kí o fi ránṣẹ́. Bàtà tìrẹ ló kàn. Lánàá, wọ́n rí ọ̀rá ṣípìsì kan tí wọ́n ti gbàgbé sínú bàtà àtijọ́, wọ́n sì gbé e wá bá mi fúnra wọn. Wọ́n ti jẹ ẹyọ kan níbẹ̀. Wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ mà pọ̀ jù o, ṣé bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ nìyí?