Nítorí Àdúrà Tí Mo Gbà fún Gásà

Tòróńtò, Kánádà
Oṣù Karùn-ún

Bùọ̀dá mi ọ̀wọ́n, Bùọ̀dá Ànúolúwa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti wálẹ̀, kí ara ìyàwó yín àti tàwọn ọmọ sì dá ṣáṣá. Àwa náà wà níbí. Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ti yọ táyà wíńtà kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé mo ti di ọ̀tá Ísírẹ́lì, pé mo dójú ti yín, ẹ̀yin tí gbogbo ìjọ ń pè ní JP nítorí pé ẹ ti lọ sí Jerúsálẹ́mù. Kí n tó la ẹnu, ẹ ti pa fóònù. Inú bí mi, Bùọ̀dá, ó ṣì ń bí mi. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, tótó ṣe bí òwe. Ẹ jẹ́ kí n ro tèmi náà.

Níbi iṣẹ́ mi, ní ilé ìwòsàn tí a ti ń tọ́jú àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Tálíà. Ọmọ Ísírẹ́lì ni, Háífà ni wọ́n bí i sí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, ojú ogun ló kú sí. Básílì, tó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn kan náà, jẹ́ ọmọ Palẹ́stínì. Ìbọn àwọn sójà Ísírẹ́lì ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí Ísírẹ́lì ń rántí àwọn òkú ogun wọn, àwọn méjèèjì máa ń pe èèyàn díẹ̀ jọ. Wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á dárúkọ òkú ìhà méjèèjì. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ràn òkú rẹ̀ lóòótọ́ á wá àlàáfíà kí ọmọ ẹlòmíràn má baà kú, á sì máa bèèrè ìjọba tí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ẹ̀rù wàhálà ò jẹ́ kí àwọn tó ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò gbà wọ́n síbẹ̀ mọ́. Mo bá Pásítọ̀ Adésànyà wa sọ ọ́, wọ́n ní kí wọ́n wá lo ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi bí Alàgbà Àkànjí ṣe gbọ́ pé ọmọ Palẹ́stínì wà níbẹ̀, tó gbé e sórí WhatsApp pé mo fẹ́ kó apániláyà wọ ilé Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè irú èèyàn tí Básílì jẹ́. Kristẹni ni, Bùọ̀dá. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un. Ká tilẹ̀ ní Mùsùlùmí ni, ṣé Mùsùlùmí kọ́ ni bàbá tó bí ìyá wa ni?

Pásítọ̀ yí ohùn padà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìjọ, kí gbogbo wa dìbò sí i. Wọ́n ní, "Sister Oyèbísí, a ti parí ọ̀rọ̀ yẹn." Ta ló parí ẹ̀? Àwọn alàgbà bíi mélòó kan, lórí fóònù.

Ojú tì mí láti sọ fún Tálíà, àmọ́ kò yà á lẹ́nu. Ó ní àǹtí òun ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ìpàdé yìí, àwọn ọ̀rẹ́ Básílì náà sì ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó kéré tán, ohun kan wà tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí."

Yàrá àpéjẹ tó wà nísàlẹ̀ condo, ilé alájà púpọ̀ tí mò ń gbé, la padà lò. Òjò ń rọ̀, àga tó ṣófo pọ̀ ju èèyàn lọ. Tálíà dìde, ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé àbúrò mi kú kí orílẹ̀-èdè wa lè wà. Bí orílẹ̀-èdè náà bá wá ń tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, kí ni kí n sọ fún un lójú oórì?" Básílì ò sọ púpọ̀. Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi orúkọ àbúrò Tálíà tẹ̀lé e, ó jókòó.

Mo bú sẹ́kún. Bùọ̀dá Gbóyèga wa ni mo rántí, tí wọ́n yìnbọn pa níbi ìwọ́de June 12. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọlidé tí ìjọba fún wa kì í ṣe ìrántí, pé ọjọ́ tí ìbò mẹ̀kúnnù bá níyì ni Gbóyèga tó sinmi. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Kí ló wá dé tó fi di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tó jáde lẹ́nu wọn?

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, èmi ló kàn láti gbàdúrà fún àlàáfíà Jerúsálẹ́mù. Mo gbàdúrà fún àwọn ìyá Ísírẹ́lì tí ọmọ wọn ò padà wálé, àmín dún bí ààrá. Mo gbàdúrà fún àwọn ìyá tó ń sunkún ní Gásà, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan pa máìkì. Mo gbé ohùn sókè, mo parí àdúrà mi. Màmá Ìyádùnní, tí ọjọ́ orí wọn ga jù nínú ìjọ, nìkan ló ṣe àmín.

Ohun tí ẹ gbọ́ nìyẹn, Bùọ̀dá. Wọ́n ti ní kí n má gbàdúrà níwájú ìjọ mọ́. Mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì ní tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbẹ́ Màmá Ìyádùnní ni mò ń jókòó báyìí.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa. Ogun ò ní mọ ojúlé yín, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ pè mí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dópin.

Èmi ni àbúrò yín tí inú ń bí, tí kò sì lè fi yín sílẹ̀,
Oyèbísí

Àfikún: Básílì bi mí ta ni mò ń sunkún fún lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún un. Òun àti Tálíà ní àwọn fẹ́ wá tan àbẹ́là fún Bùọ̀dá Gbóyèga nílé mi ní June 12. Ọwọ́ yín ni fọ́tò Bùọ̀dá Gbóyèga kan ṣoṣo tó kù wà. Ẹ bá mi fi fóònù yà á ránṣẹ́, bí ẹ bá gbà pé ó tọ́.