Lọ Mú Ìyá Alásè Wá Sílé

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ọ̀gá rẹ ńkọ́, ṣé inú rẹ̀ ti rọ̀? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ níbi tí wọ́n ti ń pín ire. Ìyá rẹ ní kó o máa jẹun.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Alásè ló délẹ̀ yìí, ìyẹn obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wa nílé ọmọ aláìlóbìí tí mo dàgbà sí. Ọsibítù ìlú yín ló wà. Ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ wọ́n ní kò ní lọ àfi bí ẹbí rẹ̀ bá wá mú un, bẹ́ẹ̀ kò bímọ. Nọ́ọ̀sì kan fi í hàn mí nínú fóònù. Ó rù, àmọ́ mo rò ó pé fóònù mi ló kéré, bó bá bọ́ sínú fóònù ńlá tìrẹ á sanra díẹ̀. Mo rí i tó ń gbọ̀n, mo bá fi aṣọ òtútù mi wé fóònù náà. Nọ́ọ̀sì ń pariwo pé òun ò rí mi mọ́, mo ní kó ní sùúrù, kí ara màmá kọ́kọ́ móoru.

Kí wọ́n tó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún wa, ilé ìdáná rẹ̀ ni ilé ìwé. Èédú ni ṣọ́ọ̀kì, ògiri ni pátákó. Bí tíṣà ò bá wá, òun ló ń fi orógùn tọ́ka sí a, b, d, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kà, bí a bá ṣì í pè, òun náà á bá wa ṣì í pè tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n da àwa àti àwọn ọmọ tó lóbìí pọ̀ sílé ìwé kan náà. Ó dùn, àfi ọjọ́ ìparí sáà, torí òbí ló gbọ́dọ̀ wá mú ọmọ ní géètì. Wọ́n á lọ tán, àwa á ṣẹ́ kù bí ẹrù tí ẹlẹ́rù gbàgbé. Ìyá Alásè á wá bọ́ aṣọ ìdáná sílẹ̀, á wé gèlè, á ní òun wá mú ọmọ òun, á mú ẹnì kan lọ. Kò ní pẹ́, á tún fi gèlè mìíràn dé, á mú ẹlòmíràn. Tíṣà á kí i bíi pé kò rí i rí, á ní màmá, ọmọ yín gbìyànjú o. Bó bá kàn mí, mo máa ń di aṣọ rẹ̀ mú gírígírí. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an.

Mo ti kó irinṣẹ́ káfíńtà mi kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, mo ti kan bẹ́ẹ̀dì fún un síbẹ̀. Bó o bá ti mú un jáde, san owó ọkọ̀ rẹ̀ wá síbí, kó o sì fi owó tìmùtìmù rán awakọ̀, má fi sínú fóònù, kò tíì dún látọjọ́ tí mo wé e.

Ọ̀la ni kó o lọ, kó o wọ aṣọ tó dáa. Bí wọ́n bá ní kí lo jẹ́ sí i, sọ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ọ́. Kì í ṣe irọ́.

Níbikíbi tó o bá wà láyé, o ò ní dúró títí kó o má rí ẹni wá mú ọ.

Èmi ni, bàbá rẹ.