Ojú Ewé Tí Fóònù Kò Gbà

Òkìtìpupa,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Philemon,

Mo kí yín tọkàntọkàn. Mo gbà pé ara yín le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Àkúrẹ́. Ara màmá wa náà le. Orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kúrò nídìí epo.

Ẹ rántí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìjọ wa. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí á ṣe ojú ewé ayélujára kan tí yóò ṣeé kà lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù. Epo pupa tí àwọn ìyá kan ń tà ní Ìkọ̀yà ni mo fi ṣe tèmi. Wọ́n ní bí ó bá dára, òun ni àwọn yóò máa fi polówó. Bí kò bá dára, àwọn á wá ẹlòmíràn. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó.

Olùkọ́ wa, Arábìnrin Olúwaṣìkẹ́mi, ní kí á kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ara wa wò, kí á sọ ibi tó kù sí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú mọ̀ wá. Ta ni yóò bá ará ìjọ wí lójú gbogbo ìjọ? Ẹ̀rí ni wọ́n ń dìde jẹ́: "Ẹ yin Olúwa! Iṣẹ́ arábìnrin wa wuyì." Halelúyà gba gbọ̀ngàn kan. Orí mi wú.

Àfi Dora, ọmọ ìlú Akotogbo tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó na fóònù rẹ̀ pẹ́ńpé sí mi, ó ní, "Salome, ká ní epo ni mo fẹ́ rà, mi ò bá ti lọ. Níbo ni nọ́ńbà wọn wà?" Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo kẹ̀yìn sí i, mo lọ wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé ni mo ti ṣí i lórí fóònù màmá. Apá mẹ́ta tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti fún pọ̀, nọ́ńbà sì ti yọ kúrò lójú fóònù. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé wọn ò rí nǹkan kan kà.

Òótọ́ korò, ṣùgbọ́n mo ti gbé e mì. Mo ń tún un ṣe: lórí fóònù, nọ́ńbà ni yóò ṣíwájú, àwọn apá yòókù á tò tẹ̀lé ara wọn sísàlẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i lórí fóònù yín kí Sátidé tó dé. Ẹ má yìn mí. Ibi tó kù sí ni kí ẹ sọ.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Salome.

Àfikún: Mo lọ bẹ Dora láàárọ̀ yìí. Ó gba ẹ̀bẹ̀, ó ṣí ojú ewé náà, ó sì tún rí àṣìṣe méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jókòó láti tún àṣìṣe náà ṣe.