Fi Ẹsẹ̀ Rẹ Fèsì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o jí ire, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń gbè ọ́? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí náà mo ti kí ọ fún un ná. Ara àwa náà le, àfi orúnkún mi tí kì í gbà kí n gun àkàbà mọ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibi gíga kò ní jẹ́ kí òòyì kọ́ ọ níbẹ̀.

Nígbà tí o kọ́kọ́ pè wá lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí, o ní pápákọ̀ òfuurufú tí ẹ ń mú gbòòrò ṣì wà ní féèsì kìíní, pé tó bá ti parí wàá wálé. Èmi gbọ́ ọ sí fèsì. Mo sọ fún ìyá rẹ pé àwọn kan ló kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì yín, ẹ sì ń fèsì. A dúró. Ọdún kan kọjá, ọdún kejì tẹ̀ lé e, ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé irú ìbéèrè wo ni wọ́n bi yín tó gbà yín ní àsìkò tó báyìí, mo ní kó fara balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ bàálù kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-fẹnu-ṣáá-sọ. Tísà kan tó ti fẹ̀yìntì ládùúgbò wa ló là wá lóye. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, ó ní ìpele iṣẹ́ lẹ ń pè bẹ́ẹ̀, pé ẹ pín iṣẹ́ náà sí mẹ́rin kí bàálù má baà dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti pé ìwọ ọmọ mi lo ń to bí ọ̀kan ṣe máa tẹ̀ lé èkejì. Fèsì náà ni mo ṣì ń pè é, ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹnu yà mí, ọmọ mi. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ṣe bíríkìlà, kò sí ilé tí mo tún kọ́ tí n kò kọ́kọ́ ní kí onílé kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin wá ń wó ògiri, èrò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, wọ́n ń fa báàgì, wọ́n ń mu tíì, wọn kò mọ̀ pé òrùlé yàrá kejì ti ṣí. O ní ẹ kọ́ gbọ̀ngàn onígbà díẹ̀ kan fún wọn, tí ẹ bá kó wọn sínú tuntun tán, ẹ ó tú u palẹ̀. Mo ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, aránṣọ gan-an fi abẹ́rẹ́ gún ìka.

Fóònù ńlá aránṣọ yìí náà ni àwòrán bí pápákọ̀ náà ṣe máa rí, tí o fi ránṣẹ́, wọlé sí. Mo wò ó títí iná rẹ̀ fi kú. Mo rí bàálù funfun, mo rí àga lọ súà, mo rí àwọn èèyàn tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní ojú nínú wọn. Ẹ̀rù bà mí. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé o ní èrò ogún ọdún sí i lẹ ń ṣírò, ó wá yé mi pé a kò tíì bí wọn ni. Kò sẹ́ni tó lè ya ojú tí Ọlọ́run kò tíì fún èèyàn. Síbẹ̀, ẹ ti gbé àga kalẹ̀ dè wọ́n. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni.

Èmi náà ti ń mú yàrá rẹ gbòòrò báyìí, mo gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Mo ní kí ìyá rẹ má kúrò nídìí iná, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn. Mo ta tapólì, mo kọ ọ́ sára pátákó pé kí èrò jọ̀wọ́ fara dà á, ìtura yín là ń wá. Èrò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò fara dà á. Iyanrìn wọnú ọbẹ̀, ìyá rẹ sì ní bí fèsì kejì bá fi kan ìkòkò òun, èmi gan-an lòun máa wó.

Ògiri ti ga dé òkè fèrèsé, ó ku òrùlé àti ilẹ̀kùn. Tí ọwọ́ rẹ bá ṣí, fi owó páànù ránṣẹ́. Má fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pín in ní fèsì fèsì, kí jíjẹ mímu tìrẹ náà má baà dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá o pè pé fèsì kìíní ti parí. Ìyá rẹ ti mú ìgbálẹ̀, ó ti ń gbá iwájú ilé, kí o tó wá ní èkejì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pé ká tún ní sùúrù. Tísà bá mi ṣírò rẹ̀. Fèsì kan, ọdún mẹ́ta. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọdún méjìlá. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye èrò tó máa wà ní ogún ọdún sí i, ẹ bá mi wò ó bóyá mo wà nínú ìṣirò yín.

Nínú àwòrán yẹn, ọkùnrin kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn tó ń dé ń gbà jáde, ó gbé báàgì sórí itan. Òun náà kò ní ojú. Tí kò bá sí ẹni tó ni ín, bá mi ya ojú mi sí i. Ìjókòó rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń retí ọmọ.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kí o sì parí rẹ̀. Ohun tí o kọ́ kò ní wó, ọ̀nà tí o là fún ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ọmọ tìrẹ náà á rìn ín. Lẹ́tà yìí ni fèsì kìíní. Èkejì wà lọ́wọ́ rẹ. Má pè, má sì kọ ọ́. Fi ẹsẹ̀ rẹ fèsì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, bíríkìlà.