Ẹ̀wù Onílẹ́tà Pupa

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
A tún lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀gá wọn — Ẹ-Padà-Lọ́la ni mo sọ ọ́ — tún ní ká padà lọ́la. Oògùn éèdì wà ní yàrá ìkẹ́rù wọn, a fojú rí páálí rẹ̀! Ó ní àṣẹ ni ò tíì dé. Àṣẹ wo? Ẹ̀gbọ́n mi ń gbẹ lórí ibùsùn, wọn ò lè dìde mọ́. Dókítà ní bí oògùn bá tún pẹ́, a lè pàdánù wọn. Inú ń bí mi!

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹta
Ìpàdé ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Onígbàjámọ̀ tó múlé tì mí, Ẹnu-Ò-Sinmi, ló dá a lábàá: ká rán ẹ̀wù kan náà fún aláìsàn àtẹni tára rẹ̀ le, ká jọ wọ̀ ọ́. Ta ló máa mọ ẹni tó ní in? Mo gé lẹ́tà pupa, mo rán an mọ́ àyà: MO NÍ ÉÈDÌ. Ẹ ṢÍLẸ̀KÙN OÒGÙN. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Inú mi náà ń dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Kẹta
Yéè! Ẹnu-Ò-Sinmi wọ tiẹ̀ kiri àdúgbò, kò sọ fún ìyá ẹ̀! Màmá já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, gèlè lọ́wọ́, ẹkún lójú — ọmọ àwọn kan ṣoṣo! Mo ní ara ọmọ yín le koko, ẹ̀gbọ́n mi la ń jà fún. Wọ́n nujú. Wọ́n bú ọmọ wọn dáadáa. Wọ́n wá na apá méjèèjì: ó yá, kí n wọn tiwọn, kí n má jẹ́ kó fún wọn lápá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹta
A ṣe é! Ẹ̀wù pupa kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Màmá ló ṣíwájú. Ẹ-Padà-Lọ́la jáde, ó fẹ́ jágbe mọ́ wa, ojú ẹ̀ bá bọ́ sí àyà Màmá. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin náà?” Màmá ní, “Èmi náà. O fẹ́ kí n padà lọ́la?” Ó ń kálòlò. Ó ní àṣẹ… lọ́la… Gbogbo wa lọgun: “Lónìí!” Àwọn nọ́ọ̀sì náà bá wa lọgun. Ó pẹ́ títí, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Inú àpò ẹ̀ ló wà láti ọjọ́ yìí!

Ọjọ́rú, 13 oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n mi lo oògùn. Wọ́n bì í. Wọ́n tún lo òmíràn. Ọlọ́run, jọ̀wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹta
Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro. Wọ́n ní ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀, ṣé mo fẹ́ pa àwọn ni? Láti ìgbà tí wọ́n ti dùbúlẹ̀, ṣíbí mẹ́ta, wọ́n á ti abọ́ kúrò, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Mo sáré wá iyọ̀ lọ, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò dúró dè mí. Ìgbà tí mo fi dé, abọ́ ti ṣófo.