Bánjókòó, Mọ́tò Tó Ń Kú ní Iná Pupa

Ilé Bíyìí ẹ̀gbọ́n rẹ,
Abúlé Stockbridge.

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi,

O kú ilé gogoro o, ìwọ tó ń sùn lókè bí ẹyẹ láàárín ìgboro Atlanta. Ṣé ara le? Olúwa tó gbé ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí okùn ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè já. Àmín. Tí o bá bèèrè wa, a wà. Comfort ìyàwó Bíyìí ṣì ń fi ọbẹ̀ aláìníyọ̀ jẹ mí níyà, ó ní òun ni nọ́ọ̀sì, pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo ní ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ru, ṣé omi ni? Bíyìí náà ń bínú pé mo ń pe ibí ní abúlé, àmọ́ ibi tí n kì í ti í rí ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́sàn-án gangan, kí ni kí n pè é? Òun ló máa fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó dijú nígbà tó bá ń yà á, torí ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ni, èyí tí o gbé síwájú ilé níbí pé ká bá ọ tà kí o lè fi kún owó jíìpù. O ní bí oṣù bá fi parí tí a ò tíì tà á, jíìpù náà máa bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. O ní ẹ́ńjìnnì eléyìí kéré, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ń gun èyí tó ga bí àjà. Ìyá rẹ náà kéré, ta ló borí ẹ̀ rí tí wọ́n bá ń jiyàn nílé wa?

Mo ní kí Bíyìí ṣàlàyé mọ́tò náà fún mi. Ó ní gáàsì ló ń mu, pé sìlíńdà mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní kékeré. Mo ṣí bùútù, n ò rí sìlíńdà kankan. Mo wo abẹ́ àga, kò sí. Mo bá lọ bá Comfort ní kíṣìnnì, mo ní kó jẹ́wọ́, pé kò dáa kí èèyàn máa fi gáàsì mọ́tò ẹlòmíì se ẹ̀wà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní bẹntiróò ni wọ́n ń pè ní gáàsì níbí. Mo ní ó ti yé mi. Kò yé mi.

Ní Sátidé, Bíyìí fi mọ́tò náà gbé wa lọ ra oúnjẹ ní Morrow, èmi àti Comfort, a sì kó àpò ìrẹsì bọ̀. Ká sọ òótọ́, nígbà tí a fẹ́ já sí háíwéè, ó kọ́kọ́ kérora bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, Bíyìí pa ẹ́ẹ́sì tó ń fẹ́ tútù sí wa kó lè rí èémí mí, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yan mí jinná. Àmọ́ nígbà tí ara ẹ̀ yá tán, ó ń sá lọ geerege, abẹ́rẹ́ bẹntiróò ò mì rárá, àfi ìgbà tí mo fi ìka lu gíláàsì ẹ̀ torí mo rò pé ó ti bàjẹ́. Bíyìí ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í mu púpọ̀. Ẹni tí kì í jẹun jù lo fẹ́ lé jáde, o wá fẹ́ gba alájẹkì sílé.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni iná pupa. Bí a ṣe dúró, ẹ́ńjìnnì kú fin-ín. Mo ké Jésù. Iná di àwọ̀ ewé, ó jí. Ní iná tó tẹ̀ lé e, ó tún kú, ó tún jí. Bíyìí ní bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kó má bàa fi bẹntiróò ṣòfò, pé mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Mi ò bá a jiyàn. Àbíkú tó ń sọ olóògùn dèké, ṣé mẹkáníìkì ni kò ní sọ dèké? Ohun tó ń kú tó ń padà wá, àwa mọ orúkọ ẹ̀ nílé, bí ẹ ò ṣe fún un lórúkọ ni kò jẹ́ kó fara balẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n pè é ní Málọmọ́, àmọ́ mọ́tò tí a bá ní kó má lọ mọ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Mo ro Dúrósinmi, àyà mi já, n ò bẹ mọ́tò pé kó sin mí. Mo wá sọ ọ́ ní Bánjókòó. Bó bá ti kú báyìí, màá pe orúkọ ẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́, á sì jí lójú ẹsẹ̀. Bíyìí ní òun tóun gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì lòun jí i. O ò rí igbéraga?

Shittu ọ̀rẹ́ Bíyìí, ọmọ Ìsẹ́yìn, wá wò ó pé òun fẹ́ rà á. Ó fẹ́ràn ẹ̀, ó ní ó máa dáa fún ìyàwó òun tó ń ṣiṣẹ́ ní Suwanee. Ó ní kóun kọ́kọ́ wà á yíká, mo ní mo fẹ́ gba atẹ́gùn, mo bọ́ sẹ́yìn. A dé iná pupa, ó kú. Mo ní Bánjókòó, jọ̀ọ́, má dójú tì wá, àlejò wà nínú ẹ. Shittu wẹ̀yìn, ó ní Bàbá, ta ni Bánjókòó? Mo ní mọ́tò ni. Ó ní kí ló dé tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí wọn ò kọ́ ní irọ́, mo sọ fún un. Ọmọ mi, iná ti di àwọ̀ ewé, wọ́n ń fun fèrè lẹ́yìn wa, Shittu ò lè gbé ẹsẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé mọ́tò ni o, àmọ́ òun ò ní fowó òun ra ohun tí yóò máa kú mọ́ ìyàwó òun lọ́wọ́. Ó rọra wà wá délé bí ẹni ru ẹyin, ó fọwọ́ méjèèjì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Comfort ní mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Èmi? Arúgbó tí ò kàwé?

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Bí jíìpù bá lọ, ó lọ náà nìyẹn. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́. Nígbà tí mọ́tò yìí wà lọ́wọ́ rẹ, Sọ́ńdè Sọ́ńdè ni mò ń rí ọ. Látìgbà tí o ti gbé e síbí, rélùwéè yín ò dé ọ̀dọ̀ wa, fọ́tò rẹ ni mò ń kí. Bí o bá wá ra jíìpù alájẹkì, iṣẹ́ lo máa fi kún iṣẹ́ láti bọ́ ọ, Sọ́ńdè mi ni wọn yóò sì kọ́kọ́ gbà.

Mo ti ní kí Bíyìí yọ pátákó títà kúrò lójú gíláàsì. Gbogbo Yorùbá Stockbridge ló ti gbọ́, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́. Wá gbé Bánjókòó ọmọ rẹ. Mú owó díẹ̀ bọ̀ fún mi, ti aáṣáà ni, má jẹ́ kí Comfort gbọ́, kí o sì fi owó ẹran tó níyọ̀ lé e.

O ò ní dúró níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń kọjá. Bó bá sì di dandan kí o dúró, Olúwa á jẹ́ kó jẹ́ ti iná pupa, wàá tún gbéra.

Èmi ni bàbá rẹ tí wọ́n ń parọ́ mọ́,
Oyèníran.