Ẹni Tó Rí Àwọn Ọmọ Kí Ayé Tó Rí Wọn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alàgbà Mobáyọ̀ Àlàmú Ògúndíran (1950–2025)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1950 ni a bí bàbá wa, Alàgbà Mobáyọ̀ Àlàmú Ògúndíran, ní agboolé Ògúndíran ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Ọmọ Jákọ́bù Ògúndíran àti Abígẹ́lì aya rẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀kẹta nínú ọmọ márùn-ún. Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá Jákọ́bù, oko wọn sì wà lọ́nà Awẹ́. Láti ìgbà tí bàbá wa ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni Bàbá Jákọ́bù ti ń kọ́ wọn bí a ti ń ṣa èbù iṣu fún ọdún tó ń bọ̀. Kì í ṣe èyí tó tóbi jù ni kí wọ́n máa wò, ojú ibi tí yóò ti hù ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ èbù yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a ní pápá bọ́ọ̀lù.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Ọ̀yọ́ ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n parí ilé-ìwé girama ní 1969, wọ́n sì jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1974. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1979 ni wọ́n gbé màmá wa, Oyèníkẹ́, níyàwó. Olúwa fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ: Olúwagbémiga ní 1981, Tèmi ní 1988. Ọdún 1984 ni Bàbá wá sí Amẹ́ríkà, Màmá àti Gbémiga sì bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Hyattsville ni wọ́n gbé láti ìgbà náà títí dòpin.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ní Beltsville, láti 1986 títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2015. Iṣẹ́ wọn ni láti máa rìn láàárín àwọn ọ̀gbìn kéékèèké nínú ilé onígíláàsì, kí wọ́n sì máa kọ èyí tí yóò yè àti èyí tí kò ní í yè sínú ìwé pélébé kan. Àwọn ọ̀gá tó gboyè dókítà a máa wá béèrè lọ́wọ́ wọn. Bàbá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n á kàn nawọ́ sí i, wọ́n á sì kọjá lọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, Gbémiga wọ kíláàsì kẹsàn-án, ó sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni à ń wí, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, tí àwọn ọmọ ń dé akoto bí ẹni ń lọ sójú ogun. Bàbá kò gbá a rí, wọn kò sì ní ìfẹ́ sí i. Màmá ló ní kí wọ́n lọ wo ọmọ wọn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan. Kí eré tó dé ìdajì, Bàbá ti rí i pé Gbémiga kò lè rí nǹkan kan ṣe nídìí ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún un nínú mọ́tò láìfi bò: “Gbémiga, you are a very good boy. Ìwé ni tìẹ. Go and face your book.” Gbémiga ti di onímọ̀-ẹ̀rọ lónìí, ó sì ní kí a kọ ọ́ síbí pé òun kò bínú mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ojú Bàbá wà lára ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ pápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá ń wò, bí ẹni ń wo ojú èbù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, ẹsẹ̀ ọmọ náà á ti sún síbi tó yẹ kí tàwọn tó wà lórí pápá sún sí, kí tiwọn tó débẹ̀. Bàbá fa ìwé ọ̀gbìn wọn yọ, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, yunifásítì kan ní Pennsylvania mú ọmọ yìí kan náà. Gbémiga ka ìròyìn rẹ̀, ó rántí ìwé náà, ó lọ ṣí i wò, ẹ̀rù sì bà á. Ẹ̀rù náà kò tíì kúrò lára àwa tí a jẹ́ ọmọ wọn.

Láti ọdún náà lọ, Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe tiwa mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ẹgbẹ́ kékeré máa ń gbá, ìyẹn àwọn ọmọ kíláàsì kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ọjọ́ Ẹtì ni tàwọn àgbà. Èrò kì í pọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi fẹ́ràn rẹ̀. Màmá a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Daddy Gbémiga, ẹ tún ti gbé folding chair yẹn? Bible study ńkọ́?” Bàbá á dáhùn pé, “Mà á bá yín ní closing prayer.” Wọ́n sì máa ń bá wọn lóòótọ́, pẹ̀lú koríko lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò.

Bàbá kì í wo bọ́ọ̀lù. Ohun tí ọmọ ṣe lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á kí ìyá rẹ̀, wọ́n á wo ọrùn ọwọ́ ìyá náà, wọ́n á sì béèrè bóyá àwọn arákùnrin rẹ̀ ga. Bí ẹnikẹ́ni bá pa á lówe fún wọn pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa jẹnu ṣámúṣámú, Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹni tó pa òwe náà kò tíì wo kíláàsì kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ lẹ́tà sí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló gba ojú ìwé wọn wọ yunifásítì.

Bàbá kò ní fẹ́ kí a fi àṣìṣe wọn pamọ́. Ní 2006, wọ́n pẹ́ dé ìdíje Ọjọ́bọ̀ kan. Wọ́n rí ọmọ kan tí wọ́n gbá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan, tó dìde lẹ́ẹ̀mejì, tó sì sá ré kọjá gbogbo pápá láti lọ mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sá. Eré parí, àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, Bàbá kò rí ẹnikẹ́ni bi. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ṣùgbọ́n nípò orúkọ, nọ́ńbà ẹ̀wù nìkan ni wọ́n kọ: “24, ọlọ́wọ́ òsì.” Lọ́jọ́ kejì wọ́n wá a lọ síbi eré ẹgbẹ́ àgbà ilé-ìwé náà, wọ́n rí nọ́ńbà 24, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà. Ilé-ìwé náà kò ní ẹ̀wù tó pọ̀. Ẹ̀wù tí ọmọ kan wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹlòmíràn ló wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, akoto sì bo ojú àwọn méjèèjì. Yunifásítì mẹ́ta pe ọmọ tí kì í ṣe òun.

Ó di 2008 kí Bàbá tó rí ọmọ tí wọ́n kọ lẹ́tà fún yẹn tó fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣí ìwé wọn, wọn kò sì lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbà wọ́n tó ọdún kan kí wọ́n tó rí ọlọ́wọ́ òsì náà: Sufyan, ọmọ Ìyáàfin Zulaykha, ní Riverdale Park. Ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tipẹ́, ó ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville. Bàbá mú Màmá dání, wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀ nílé. Bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Ìyáàfin Zulaykha dì wọ́n mú: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.” Bàbá wá ka ojú ìwé náà sókè. Bí wọ́n ti kà á tán, Sufyan gbójú sókè. Ó ní, “So somebody saw it, sir. I thought nobody saw it.” Ó sì sunkún níwájú ìyá rẹ̀.

Ọdún bọ́ọ̀lù Sufyan ti kọjá, a kò lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ó gba ìmọ̀ràn Bàbá, ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, láti 2016 ló sì ti ń darí ẹgbẹ́ kékeré ní ilé-ìwé girama kan ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí. Láti ìgbà ẹ̀bẹ̀ náà, Bàbá kò tún kọ nọ́ńbà kan láìkọ orúkọ, àti orúkọ ẹni tó bí ọmọ náà. “Ọmọ ta ni?” ni ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bàbá ti jẹ́ alàgbà ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa láti 1993. Wọ́n kọ́ni ní ilé-ìwé ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ni wọ́n sì ń fi mọ́tò gbé àwọn ìyá àgbà wá sí ìsìn, kódà nígbà tí àwọn fúnra wọn ti dàgbà ju àwọn ìyá náà lọ.

Ọjọ́bọ̀ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún yìí ni wọ́n lọ pápá kẹ́yìn, láti wo ẹgbẹ́ Sufyan. Ọmọ kan nínú àwọn àlejò, ẹgbẹ́ tó wá bá wọn gbá, ni wọ́n kọ nípa rẹ̀: “7. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹni tó gbá a ṣubú dìde kó tó sá padà sí àyè rẹ̀.” Wọ́n dìde láti lọ bi ìyá rẹ̀, àyà sì dì wọ́n mú. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ àìsàn kọ́ ni wọ́n ń bá wa sọ. “Tèmi, seven yẹn. Ọmọ ta ni?” Ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ti 2006 má tún ṣẹlẹ̀.

Ó sì fẹ́ ṣẹlẹ̀. Sufyan pe ilé-ìwé àwọn àlejò, wọ́n ní ọmọ méjì ló wọ nọ́ńbà 7 lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí ẹ̀wù ẹnì kan fàya. Sufyan bẹ̀rẹ̀ sí bẹ àwọn òbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí òun wo fídíò orí fóònù wọn. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi wá a. Orí fóònù ìyá àgbà kan ló ti rí i: bọ́ọ̀lù bọ́, ọmọ náà na ọwọ́, ó gbé èkejì rẹ̀ dìde. Darius ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Michelle tó ń wa bọ́ọ̀sì.

Sufyan mú orúkọ náà wá sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá. Ọwọ́ Bàbá kò lè di kálámù mú mọ́, Tèmi ló kọ ọ́, wọ́n sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi kọ ọ́ tán. Bàbá béèrè bóyá ìyá ọmọ náà ga. Sufyan ní, “Very tall, sir.” Bàbá rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sùn nínú Olúwa.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni aya wọn, Ìyáàfin Oyèníkẹ́ Ògúndíran. Àwọn ọmọ wọn, Olúwagbémiga àti Tèmi. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Ìdùnnú, Ọlájídé àti Jessica. Àti Sufyan, tí Bàbá ní kí a kọ mọ́ àwọn ọmọ.

Lórí ìlà kẹrin ní apá òsì ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì mọ Bàbá rí. Lẹ́yìn ìsìn, Tèmi yóò jókòó tì í, yóò ka ojú ìwé tó kẹ́yìn sí i létí lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí òun náà lè mọ̀ pé ẹnì kan rí òun.

Bàbá wa, Àlàmú, orúkọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Ẹ sùn re o.